Ẹ Mú Iná Yín Láti Ilé!

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú. Nínú ilé tí ẹ wà yìí, èwo ni iná tí ẹ fi pamọ́ de ọjọ́ burúkú? N kò béèrè èyí tí ẹ fi ń jẹun alẹ́ o. N kò béèrè èyí tí àwọn ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé, tàbí èyí tí ìyàwó fi ń yẹ inú ìkòkò wò. Èyí tó wà lọ́tọ̀ ni mo ń béèrè, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn, tó jẹ́ pé bí nǹkan bá bú gbàmù láàjìn òru, ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti nawọ́ mú un, ẹ sì mọ̀ dájú pé yóò tàn.

Ẹ lọ mú un wá, ẹ jẹ́ ká wò ó.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín kò ní kúrò lórí àga, nítorí kò sí ohun tí ẹ fẹ́ lọ mú. Àwọn díẹ̀ yóò lọ gbé àtùpà oníbátìrì tí wọ́n rà ní Kérésìmesì ọdún mélòó kan sẹ́yìn sọ̀kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n á fẹ́ eruku ara rẹ̀ dànù, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Kò fọhùn. Wọ́n á tún un tẹ̀, wọ́n á gbá a nídìí. Ó ti kú tipẹ́, wọn kò kàn tíì sin ín ni.

Ohun tí mo ń bá bọ̀ nìyẹn. Orílẹ̀-èdè wa yìí kún fún àtùpà, ó kún fún fóònù, ó kún fún sólà àti jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìmọ́lẹ̀ pàjáwìrì. Bẹ́ẹ̀, tọ́ọ̀ṣì kékeré kan ń bẹ lọ́jà tí a ń fi ọwọ́ yí, tí kò béèrè iná NEPA, tí kò béèrè oòrùn, tí àwọn ọ̀gbọ́n-jù ìgboro ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohun ìṣeré ọmọdé ni. Mo ní kò sí ilé, kò sì sí mọ́tò èrò, tí kò yẹ kó ní ọ̀kan. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

ÒKÙNKÙN TÓ DI ARÁ ILÉ

Kí là ń pè ní pàjáwìrì? Ohun tó já lu ènìyàn láìròtẹ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òkùnkùn tiwa kì í ṣe àlejò mọ́, ó ti di ará ilé, ó ti ní àga tirẹ̀ ní pálọ̀. Ní 1972 ni ìjọba dá NEPA sílẹ̀. Ní 2005 wọ́n ní NEPA ti tán, PHCN ló kù. Ní November 2013 wọ́n gé PHCN sí wẹ́wẹ́, wọ́n gbé pípín iná fún àwọn aládàáni, tiwa ní Ọ̀ṣun sì bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn. Orúkọ ń yí padà, òkùnkùn kò yí orúkọ tirẹ̀ padà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ń pariwo láàárọ̀ yìí pé "NEPA ti mú iná lọ!" bẹ́ẹ̀ NEPA ti di ìtàn kí wọ́n tó bí i.

Ní October 2024, ẹ̀rọ tó so iná gbogbo Nàìjíríà pọ̀ dojú dé ní ọjọ́ 14. Ó tún dojú dé ní ọjọ́ 15. Nígbà tó di ọjọ́ 19, ó tún ṣubú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ọjọ́ mẹ́fà! Ti àwọn tó ní wáyà iná nìyẹn o. Ní 2021, Báńkì Àgbáyé sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 85 ènìyàn ní Nàìjíríà ni wáyà iná ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá.

Gbogbo wa la mọ èyí, a sì ti fi ẹnu wa bú wọn títí ẹnu fi rẹ̀ wá. Ohun tí a kò tíì wò dáadáa ni ohun tí òkùnkùn ojoojúmọ́ yìí ṣe fún ọgbọ́n orí wa. Nítorí pé òkùnkùn ń wá lálaalẹ́, gbogbo ohun tó lè tàn nínú ilé la ti gbé síṣẹ́ lálaalẹ́. Àtùpà tí a rà fún pàjáwìrì di àtùpà ọbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Tọ́ọ̀ṣì tí bàbá fi sábẹ́ ìrọ̀rí di tọ́ọ̀ṣì ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Fóònù tó yẹ ká fi pe ènìyàn di iná ìdáná. Bí ọjọ́ burúkú gan-an bá wá dé, tí iná ilé sọ láàrin òru, tí ìrọbí mú aboyún, tí àgbàrá wọlé, ọwọ́ òfìfo ni yóò bá wa. Àgbẹ̀ tó jẹ èèbù iṣu rẹ̀ tán, kí ni yóò gbìn bí òjò bá rọ̀?

Ẹ wo Japan. Iná wọn kì í ṣe bí tiwa, ó máa ń wà níbẹ̀ lọ́sàn-án lóru. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ríri ọjọ́ 1 September 1923 pa ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ níbẹ̀, wọn kò sì gbàgbé. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 1 September, tọmọdé tàgbà ń ṣe ìdánrawò ohun tí wọn yóò ṣe bí ilẹ̀ bá tún ri. Nínú ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, àpò kan wà nítòsí ilẹ̀kùn: omi, oúnjẹ gbígbẹ, oògùn, àti tọ́ọ̀ṣì tàbí rédíò tí a ń fi ọwọ́ yí. Ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ ló fi tọ́ọ̀ṣì afọwọ́yí pamọ́. Àwa tí tiwa kì í dúró, àwa la ní ohun ìṣeré ni. Ta ló yẹ kó fi ta ni ṣe yẹ̀yẹ́ nínú àwa àti àwọn?

Ẹ BÁ MI DÉ ÌWÀRÀJÀ

Kí ẹ má baà ní mo ń sọ̀rọ̀ òkèèrè, ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ilé. Ẹni tó bá ti gba Iléṣà lọ sí Akúrẹ́ tàbí Adó-Èkìtì rí mọ Ìwàràjà. Oríta ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín: apá kan ń bá tirẹ̀ lọ sí Akúrẹ́, apá kan forí lé àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ó di Adó. Ọkọ̀ ńlá ọkọ̀ kékeré ló ń kọjá níbẹ̀. Lọ́sàn-án, ojú ọ̀nà tó rẹwà ni, igbó àti òkè. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, òkè ń bẹ lọ́tùn-ún, igbó ń bẹ lósì, kọ́nà ń bẹ níwájú, ẹ ò rí ìkankan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé bọ́ọ̀sì kan kọjá Ìwàràjà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó forí lé Ẹ̀fọ̀n. Ó ku díẹ̀ kó yọ sí kọ́nà kan, táyà ẹ̀yìn bẹ́. Dẹ̀rẹ́bà tiraka, ó gbà á dúró. Kò sẹ́ni tó kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìdí mọ́tò ṣì wà lórí títì, tirela sì ń bọ̀ lẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní tọ́ọ̀ṣì?" Dẹ̀rẹ́bà ló ń kígbe bẹ́ẹ̀.

"Ẹ gba fóònù mi, bọ̀dá," ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹ tètè o, 6% ló kù nínú rẹ̀."

"Tèmi ti kú kí a tó kúrò ní Ìbàdàn," bàbá kan sọ lẹ́yìn.

"Ẹ̀yin dẹ̀rẹ́bà yìí náà!" Ìyá oníṣòwò kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fapá jánú. "Gbogbo mọ́tò yìí, ẹ ò ní tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo?"

"Mo ní in, màmá. Bátìrì rẹ̀ ló ti kú."

Ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́, ṣé ẹ ò tíì wà nínú irú mọ́tò yìí rí? Dẹ̀rẹ́bà yẹn ní jáàkì. Ó ní táyà ìpààrọ̀. Ó tilẹ̀ ní C-Caution, nítorí àwọn Road Safety. Ṣùgbọ́n kí ni C-Caution? Ohun pupa onígun mẹ́ta ni. Kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀ mọ́tò tó ń bọ̀ ló ń yá lò. Bí tirela tó ń bọ̀ bá jẹ́ olójú kan ńkọ́? Bí kọ́nà bá fi í pamọ́ títí ó fi kù díẹ̀ káàtó ńkọ́? Ẹnì kan ló yẹ kó rìn sẹ́yìn, kó kúrò lórí títì, kó máa ju ìmọ́lẹ̀ sókè sódò kí onítirela lè mọ̀ láti òkèèrè pé ewu ń bẹ níwájú. Kí ni onítọ̀hún yóò fi ṣe é? Fóònù 6%?

Ọ̀rọ̀ ààbò ojú pópó kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Láti 1977, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni Wọlé Ṣóyínká àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà. Nígbà tó di 1988, ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Nọ́ńbà 122 ni kí ẹ pè bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù wo la ó fi pe 122 bí a bá ti fi í tan iná tán?

FÓÒNÙ KÌ Í ṢE FÌTÍLÀ

Mo mọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ wa ní àṣà yìí. August 2001 ni fóònù GSM wọ Nàìjíríà. Ní 2003, Nokia gbé fóònù kan jáde, Nokia 1100, tó ní iná kékeré lórí. Ariwo ta! Àwọn ènìyàn fẹ́ràn iná orí rẹ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Kò sì burú nígbà náà, nítorí fóònù yẹn kò mọ̀ ju kó pe ènìyàn, kó sì gba lẹ́tà kékeré. Bí o bá ṣájì rẹ̀ lónìí, ọjọ́ mélòó kan ni yóò lò.

Fóònù òde òní kọ́ nìyẹn. Ó ń wo fíìmù, ó ń fi owó ránṣẹ́, ó ń fọ̀nà hàn, gílóòbù ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń jẹ bátìrì bí eṣú ṣe ń jẹ oko. Tàárọ̀ là ń ṣájì rẹ̀, kó tó di alẹ́, ó ti ń bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá fi í tan iná lójú ìjàǹbá ń fi owó ọkọ̀ jẹ ẹ̀pà: ẹ̀pà náà dùn, ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe délé? Fóònù kan ṣoṣo kò lè jẹ́ fìtílà kó tún jẹ́ ońṣẹ́. Lọ́jọ́ ìjàǹbá, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ońṣẹ́.

Àtùpà oníbátìrì tó ń ṣájì lára iná NEPA ńkọ́? Òun náà ní àléébù tirẹ̀. Bátìrì olójé ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, bíi ti mọ́tò, ó kàn kéré ni. Bátìrì òjé kò fẹ́ kí a fi òun sílẹ̀ ní òfìfo. Bí a bá lò ó tán, tí a gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù fún oṣù mẹ́rin láìṣájì rẹ̀, ohun líle kan bí iyọ̀ á dì mọ́ àwọn awẹ́ òjé inú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣájì rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kò ní gbà mọ́. Ẹ ò lò ó, ó kú. Ẹ sì rò pé ẹ ń tọ́jú rẹ̀ ni!

INÁ TÓ WÀ NÍNÚ APÁ

Tọ́ọ̀ṣì afọwọ́yí kò ní idán kankan nínú. Ọwọ́ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a ń yí bí téló ṣe ń yí máṣíìnì ọlọ́wọ́. Ọwọ́ náà ń yí àwọn eyín kékeré inú rẹ̀, eyín ń yí òòfà nítòsí wáyà bàbà tí wọ́n ká jọ, iná mànàmáná sì ń jáde nínú wáyà náà. Michael Faraday, ará Ìlú Òyìnbó, ló fi èyí han aráyé ní 1831. Iná tó jáde ń wọ inú bátìrì kékeré kan, ibẹ̀ ni gílóòbù ti ń mu ún.

Àwọn àgbààgbà mọ ohun tí mo ń sọ. Ṣebí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ Raleigh? Ṣebí wọ́n so dáínámò mọ́ ọn, tó ń fara nu táyà bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń lọ, tí iná iwájú sì ń tàn? Ẹsẹ̀ wọn ni NEPA wọn. Àgbẹ̀ kòkó tó pẹ́ lóko kò bẹ ẹnikẹ́ni kó tó ríran délé. Ohun tí àwọn bàbá wa fi ẹsẹ̀ ṣe, òun la ń fi ọwọ́ ṣe yìí.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí Jámánì gba ilẹ̀ Netherlands, tí òkùnkùn bo ìlú tí bátìrì sì wọ́n, iléeṣẹ́ Philips ṣe tọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n ń fún nínú àtẹ́lẹwọ́. Kò ní bátìrì rárá. Bí o bá ń fún un, ó ń tàn, bí o bá dẹwọ́, ó kú. Ìdí ni pé gílóòbù ayé ìgbà náà jẹ́ ọ̀jẹun, wáàtì 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló ń gbé mì. Lẹ́yìn náà ni gílóòbù LED dé. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta tí wọ́n bí ní Japan, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, ló gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014 nítorí LED aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ṣe, òun ló jẹ́ kí LED funfun ṣeé ṣe. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì afọwọ́yí padà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá ń mú wáàtì 2 wá, tí ẹ yí i fún ìṣẹ́jú 1, tí ìdajì rẹ̀ ṣòfò lọ́nà, wáàtì 1 fún ìṣẹ́jú 1 ló kù nínú bátìrì. Gílóòbù àtijọ́ á jẹ ẹ́ tán ní ìṣẹ́jú 1. Ṣùgbọ́n LED kékeré tó ń jẹ ìdá kan nínú mẹ́wàá wáàtì á fi tàn fún ìṣẹ́jú 10. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tó láti fi ka ìwé ìròyìn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ó tó láti dá tirela dúró. Ó tó láti wá kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn nígbà tí èéfín ń wọlé. Bó bá sì tán, ẹ tún yí i. Títí tí apá yín bá fi wà lára yín, ẹ ò lè sọ pé "bátìrì ti kú, kò sí ibi tí mo ti fẹ́ ṣájì rẹ̀."

Kí ẹ má sì rò pé ohun àjèjì tí kò kan Áfíríkà ni mo ń polówó. Ní 1991, Trevor Baylis, ará Ìlú Òyìnbó, wo ètò kan lórí tẹlifíṣọ̀n nípa bí àrùn AIDS ṣe ń jà ní Áfíríkà. Wọ́n ní rédíò lè gbé ìkìlọ̀ dé ìgbèríko, ṣùgbọ́n kò sí iná, bátìrì sì wọ́n. Ọkùnrin yìí dìde, ó ṣe rédíò tí a ń fi ọwọ́ yí. Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1990, iléeṣẹ́ kan ní Cape Town, ní South Africa, ti ń ṣe é tà. Nítorí irú wa ni wọ́n ṣe ronú kàn án, ní ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì ti ṣe é. Àwa la wá ní kò bá wa mu!

ÀWỌN TÓ Ń TA ÒKÙNKÙN NÍ ỌJÀ

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n kọjú sí àwọn kan. Ọ̀kan nínú ìdí tí àwọn ènìyàn kò fi gba tọ́ọ̀ṣì yìí gbọ́ ni ayédèrú. Irú èyí tí wọ́n ní kéèyàn máa mì wà, èyí tí wọ́n ní kéèyàn máa yí náà wà. Bí ẹ bá tú òmíràn nínú wọn, bátìrì pẹlẹbẹ bíi ti aago ọwọ́ lẹ ó bá níbẹ̀, èyí tí kò ṣeé ṣájì. Irin lásán ni wọ́n fi ṣe òòfà. Eyín inú rẹ̀ ń dún "kíìrr, kíìrr" lásán, kò kan wáyà kankan. Bátìrì aago ló ń tan iná, ọwọ́ yín ń ṣe eré ọmọdé. Ọjọ́ tí bátìrì aago bá tán, iná tán, ẹ yí i títí ejìká yóò fi yẹ̀.

Mo ní ẹni tó ṣe irú èyí, àti ẹni tó mọ̀ tó sì ń tà á, kì í ṣe oníṣòwò, ọ̀daràn ni. Ẹni tó ta bàtà ayédèrú fún ọ, ìtìjú ló tà fún ọ. Ẹni tó ta iná pàjáwìrì ayédèrú fún ọ, ọjọ́ ikú rẹ ló ń ṣòwò pẹ̀lú. Àjọ SON ti wà láti 1971, iṣẹ́ tí òfin gbé lé wọn lọ́wọ́ ni kí wọ́n máa yẹ irú ọjà báyìí wò. Kí wọ́n ra ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú èyí tó wà lọ́jà, kí wọ́n tú u, kí wọ́n sì kéde orúkọ ayédèrú kí gbogbo ayé gbọ́.

Ṣùgbọ́n ká tó dúró de ìjọba, ẹ jẹ́ ká ṣe bí Ìjẹ̀ṣà. Ta ni kò mọ òṣómàáló? Ìjẹ̀ṣà tó ta aṣọ àwìn, bó bá dé ẹnu ọ̀nà onígbèsè, kò ní jókòó, kò ní lọ, yóò lóṣòó síbẹ̀ títí owó yóò fi jáde. Ẹ lóṣòó ti ẹni tó ń ta tọ́ọ̀ṣì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bá a ṣe àdéhùn pé ẹ lè dá a padà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹ bá délé, ẹ tàn án sílẹ̀ títí yóò fi kú pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá tàn, ẹ tún jẹ́ kó kú, kí ẹ tún yí i lójú ẹsẹ̀, nítorí bátìrì ayédèrú náà lè sinmi díẹ̀ kó tún ta gìrì lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó bá kú lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó sì jí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ojúlówó ni. Èyí tí kò bá jí, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á, kí ẹ sì lóṣòó.

Ẹ̀YIN TÓ Ń BÁ MI JIYÀN

Mo ti ń gbọ́ ohùn yín. Ẹnì kan ní, "Ṣé kí a máa yí ọwọ́ bí ẹni ń lọ ata, kí ìjọba máa sùn? Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn yìí lẹ ń bá wọn gbé e!" Rárá o, bọ̀dá mi. Iná ojoojúmọ́ ni gbèsè tí wọ́n jẹ wá, ẹ má dárí rẹ̀ jì wọ́n. Tọ́ọ̀ṣì afọwọ́yí kò lè san gbèsè yẹn, ẹni tó bá sì ní kí ẹ fi í rọ́pò iná ilé, ẹ lé e jáde. Ṣùgbọ́n bí iná bá ń tàn ní gbogbo ilé láti Badagry dé Maiduguri lọ́la, táyà ṣì ń bọ̀ wá bẹ́ lójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n. Àgbàrá ṣì ń bọ̀ wá wọlé. Omíyalé ọdún 2022 pa ju 600 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà, ó sì lé ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Kò sí ìjọba tó lè fi wáyà iná tẹ̀ lé yín dé inú irú omi bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíràn ní, "Sólà ti dé, kí la fẹ́ fi tọ́ọ̀ṣì ṣe?" Sólà dára gan-an. Láti ọjọ́ 29 May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo, tí lítà pẹtiróòlù kan fò láti nǹkan bíi ₦190 sí ₦500 lójú ẹsẹ̀, ọlọ́gbọ́n ti mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ kò ṣeé gbára lé. Mo tilẹ̀ lè fún yín ní ẹ̀rí ilé wa. Ní 2008, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Laura Stachel, wá sí ilé ìwòsàn kan ní apá Àríwá Nàìjíríà láti mọ ìdí tí àwọn aboyún fi ń kú. Ó rí i pé iná máa ń lọ nígbà tí abẹ wà lára aláìsàn. Òun àti ọkọ rẹ̀, Hal Aronson, bá ṣe àpótí sólà kan tí wọ́n ń pè ní Solar Suitcase, ó sì ti dé ọ̀pọ̀ ilé ìgbẹ̀bí ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Ẹ ra sólà fún ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n sólà tí ẹ bá fi tan ilé dé aago mẹ́rin òru, bí ewu bá dé ní aago márùn-ún, ó di dandan kí ẹ dúró de oòrùn. Ewu kì í dúró de oòrùn.

Ẹlòmíràn ní, "Yóò bàjẹ́." Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí a kò tọ́jú ni yóò bàjẹ́. Eyín rọ́bà ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn, ẹ má yí i bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bátìrì inú rẹ̀ a máa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí a kò tilẹ̀ lò ó, nítorí náà, ní ọjọ́ kìíní gbogbo oṣù, ẹ yí i fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ tàn án wò, kí ẹ gbé e padà síbi tó wà. Ní ojú gbogbo ọmọ ilé ni kí ẹ ti ṣe é, kí kóówá lè mọ ibẹ̀ nínú òkùnkùn.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ A ṢE

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ awakọ̀, ẹ̀yin lẹ ń gba owó lọ́wọ́ gbogbo mọ́tò tó ń jáde ní gáréèjì. Ẹ sọ ọ́ di òfin ẹgbẹ́ pé bọ́ọ̀sì tí kò bá ní tọ́ọ̀ṣì afọwọ́yí tó ń ṣiṣẹ́ kò ní gbé èrò lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kí alága gáréèjì fọwọ́ ara rẹ̀ yí i kí mọ́tò tó gbéra. Ẹ̀yin èrò, ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó wọkọ̀, bí ẹ ṣe ń béèrè ṣéńjì. Ẹ̀yin Road Safety, ẹ̀yin tí ẹ ń yẹ C-Caution wò, ẹ béèrè ìmọ́lẹ̀ tí yóò jẹ́ kí C-Caution wúlò. Ẹ̀yin olórí ilé ìwé tí ọmọ ń sùn sí, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ìgbèríko, ẹ fi ọ̀kan kọ́ sára ògiri, kí ẹ kọ "PÀJÁWÌRÌ NÌKAN" sí i gàdàgbà, kí ẹ sì bínú sí ẹni tó bá fi í wá ṣíbí.

Ẹni tó bá ń gbọ́ oríkì Ìjẹ̀ṣà mọ̀ pé wọ́n máa ń kì wọ́n ní ọmọ tí kò gbára lé ìṣáná, tó jẹ́ pé láti ilé ló ti ń mú iná lọ sóko. Àwọn kan ń fi èyí ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ahun ni wọ́n. Kì í ṣe ahun. Ẹni tó mú iná láti ilé ti ronú kan òkùnkùn oko kó tó kúrò nílé. Bí ìṣáná tutù, bí ọjà jìnnà, kò kàn án.

Nítorí náà, lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ pa gbogbo iná ilé. Ẹ pa fóònù pẹ̀lú. Ẹ dúró nínú òkùnkùn yẹn fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sọ fún ọmọ yín àgbà pé, "Èéfín ń wọlé, ṣílẹ̀kùn fún wa." Ẹ wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yóò kàn. Bí kò bá kan nǹkan kan, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa rà lọ́jà lọ́la.